Ìyá ní Minna, Àṣírí ní Amẹ́ríkà

Bí ọmọ yín tó wà ní Maryland bá pè sí Minna, tó ń béèrè ọjọ́ ìbí yín, àdírẹ́sì ilé yín ní Tunga, àti bóyá ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ẹ má rò pé àwọn ọmọ Yahoo ló ń fi ohùn rẹ̀ pè. Ó lè jẹ́ pé fọ́ọ̀mù SF-86 ló wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ máa kan àṣírí ìjọba Amẹ́ríkà ló ń kọ ọ́, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́.

Fọ́ọ̀mù yìí kò fi mọ̀lẹ́bí ṣeré. Bàbá, ìyá, ìyàwó bàbá, ọmọ ìyá, ọbàkan, àna, gbogbo wọn ló ń wọlé. (Ẹni tí bàbá rẹ̀ fẹ́ ìyàwó mẹ́rin á jókòó pẹ́.) Ọmọ àbúrò bàbá kò sí nínú wọn, àmọ́ bí ìfẹ́ tàbí ojúṣe bá ti so òun àti ọmọ yín pọ̀ láàárín ọdún 7 sẹ́yìn, ó ní àyè tirẹ̀. Ilẹ̀ tí ọmọ yín rà sí Bosso náà, yóò kọ ọ́.

Ìlànà SEAD 4, tí wọ́n fi ń pinnu ẹni tó lè rí àṣírí náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ní orí 13. Ìkejì ló dá lórí okùn tó so èèyàn mọ́ ilẹ̀ òkèèrè báyìí. Kò sí ẹni tó ń bá ọmọ yín jà pé ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni ẹni tó lè tipa ìyá náà fún un lọ́rùn. Ẹ̀yin tó ń gbé Ìpínlẹ̀ Niger mọ èyí ju ẹni tó kọ ìlànà náà lọ: ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó ní Kagara, ní oṣù karùn-ún, ó kan àwọn ọmọdé ilé-kéwú ní Tegina. Bí ajínigbé bá wá sọ pé òun kò fẹ́ owó, pé ìwé àṣírí lòun ń fẹ́ ńkọ́?

Wọ́n á wá gbé gbogbo rẹ̀ sórí ìwọ̀n. Ẹni tó ní ilé, ọmọ àti iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní Amẹ́ríkà, tó kàn ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, máa ń rọ́nà lọ ju ẹni tí gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ wà nílé. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nìkan kì í dínà, àmọ́ kó má fi í wọ Amẹ́ríkà. Bí iyèméjì bá sì kù, ààbò orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń gbè lẹ́yìn.

Ohun tó burú jù ni ìfipamọ́. Ọbàkan tó jẹ́ sójà ṣeé ṣàlàyé. Bí ọmọ yín bá mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 lè wà níbẹ̀. Torí náà, ẹ fún un ní déètì tó péye. Bí ọjọ́ ìbí ẹnì kan bá jẹ́ àfojúdá, àpótí kékeré kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fàmì sí fún ìyẹn.