Bí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Bá Kọ̀ Tí Kò Tàn

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, olùkọ́ àti akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, láti Mọ́níyà dé Akànrán, láti Ìyànà Ọfà dé Ẹgbẹ́dá, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Inú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ orí tábìlì yẹn ni orúkọ àwọn aláboyún, èsì ìdánwò tàbí owó ọmọ ẹgbẹ́ wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, kò dáhùn. Kí ẹ tó dì í mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà lọ sígboro Ìbàdàn, ẹ kọ́kọ́ yẹ iná wò. Ẹ̀rọ tí iná kò gbé wà lára àwọn tí à ń pè ní òkú ẹ̀rọ.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí

Volt 230 ni iná tó yẹ kó wọ ilé ní Nàìjíríà. Abúlé tó jìnnà sí tiransifọ́mà lè má rí tó bẹ́ẹ̀, pàápàá lálẹ́ tí gbogbo ilé bá tan fáànù àti gílóòbù pọ̀. Ẹ má fi chájà fóònù dán an wò kí ẹ wá ní iná pé. Ọ̀pọ̀ chájà ń ṣiṣẹ́ láti volt 100 dé 240, nítorí náà fóònù lè máa gba iná níbi tí kọ̀ǹpútà kò ti rí èyí tó máa gbé e. Ẹ dúró di ìgbà tí iná bá lágbára, tàbí kí ẹ fi jẹnẹrétọ̀ dán an wò. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ jẹ́ kó dúró dáadáa kí ẹ tó ki kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́, kí ẹ sì yọ ọ́ kí epo tó tán, torí ìgbà tó bá ń kú lọ ni iná rẹ̀ máa ń fò sókè fò sílẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn àpótí náà, níbi tí wáyà ti wọlé. Súíìsì kékeré lè wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ sì lè ti pa á láìmọ̀. Lára ẹ̀rọ àtijọ́ míì, ẹ ó rí súíìsì pupa tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Volt 120 ni Amẹ́ríkà ń lò, torí náà ẹ̀rọ tó ti ibẹ̀ wá lè ṣì wà lórí 115. Bí ẹ bá ki irú rẹ̀ bọ iná wa, yóò dún gbàù, power pack rẹ̀, ìyẹn àpótí irin inú rẹ̀ tí wáyà iná wọ̀, yóò sì jóná. Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná pátápátá kí ẹ tó tì í sí 230.

Fáànù ń yí, ojú rẹ̀ dúdú

Ẹ di wáyà mọ́nítọ̀ dáadáa lójú méjèèjì, kí ẹ sì rí i pé mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ ní iná. Bí ẹ̀rọ bá ń ké píì-píì, ẹ ka iye ìgbà tó ké, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á ti ibẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe é.

Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń wọ àárín RAM, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ ìrántí kọ̀ǹpútà, àti ibi tó jókòó sí. Ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè jáde. Ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí, kí ẹ yọ RAM, kí ẹ fi rọ́bà ìparẹ́ àwọn ọmọléèwé nu eyín rẹ̀ tó ń dán bíi wúrà, kí ẹ dá a padà títí yóò fi dún kọ́. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ wò ó bóyá aáyán tàbí ọmọńlé ti kú síbẹ̀, tàbí eku ti jẹ wáyà. Aṣọ tútù kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Power pack ni kí ẹ má tú láéláé: iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà, ó sì lè pa èèyàn.

Ọjọ́ tó gbàgbé

Bó bá tàn, àmọ́ tó dúró lórí ojú dúdú tó ní kí ẹ tẹ F1, tàbí tó ní ọdún 2009 la wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bátìrì kékeré bíi kọ́bọ̀ tó ń bá a rántí ọjọ́ ló ti kú. CR2032 ni wọ́n ń pe irú èyí tó pọ̀ jù, volt 3 ni. Kò wọ́n. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ tún ọjọ́ ṣe kí ẹ tó kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ kankan sílẹ̀.

Ẹni tó bá sọ pé Windows 10 tó parí ni kò jẹ́ kó tàn, irọ́ ló pa. October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró, ìyẹn kò ní kí ẹ̀rọ má tàn.

Kí wọ́n tó fọ́màtì í

Bí hard disk, ibi tí àkọsílẹ̀ yín wà, bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ má tan án mọ́. Àwọn oníṣẹ́ kan kì í wo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó ní àwọn fẹ́ fọ́màtì í, bẹ́ẹ̀ fífọ́màtì lè gbé gbogbo àkọsílẹ̀ lọ. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ yọ disk náà, kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà míì, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ohun tó wà níbẹ̀ lójú yín. Òfin Ààbò Ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ìsọfúnni ìlera mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra jù lọ, torí náà disk ilé ìwòsàn kì í ṣe ohun tí à ń fi sùn ní ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́.

Bí iná bá lọ tàbí àrá bá ń sán, ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri. Ẹ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín sórí fíláàṣì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí fíláàṣì náà má sì wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà.