Láti Ara Gẹ̀gẹ̀ Dé Orí Ìwé Èsì: Àlàyé lórí Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ fún Họ́mónù Táírọ́ìdì

Ìfáárà

Gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe àìsàn àjèjì láàrin àwọn Yorùbá. Ó ti ní orúkọ nínú èdè kí ilé ìwòsàn òyìnbó tó dé, nítorí pé wíwú ọrùn jẹ́ ohun tí ojú lè rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ọrùn ẹnìkan lè wú, kí iṣẹ́ inú rẹ̀ sì máa lọ déédéé. Ọrùn ẹlòmíràn lè máa dán, kí iṣẹ́ inú rẹ̀ ti dàrú. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn. Ìdí nìyí tí dókítà, ìbáà jẹ́ ní LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí ní ilé ìwòsàn aládàáni ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Mùṣín, fi lè ní kí aláìsàn lọ ṣe àyẹ̀wò TSH, T4 àti T3. Ìwé èsì sábà máa ń dé ọwọ́ aláìsàn kí ó tó dé ọwọ́ dókítà. Bí a bá ṣì í kà, ewu wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ ohun tí ìwé náà ń wí ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Táírọ́ìdì àti iṣẹ́ rẹ̀

Táírọ́ìdì jẹ́ ẹ̀yà ara tí ó rí bí labalábá, tí ó wà níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò. Áyódíìnì inú oúnjẹ ni ó fi ń ṣe họ́mónù méjì, T4 àti T3. Òǹkà ara orúkọ wọn dúró fún iye áyódíìnì tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. T4 ni táírọ́ìdì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ jù. Ara ni ó ń sọ ọ́ di T3, tí agbára rẹ̀ jù ú lọ. Àwọn họ́mónù wọ̀nyí ń darí bí ọkàn ṣe ń lù, bí ara ṣe ń móoru, bí ara ṣe ń lo oúnjẹ, àti bí ọpọlọ ọmọ inú oyún ṣe ń dàgbà.

Níbi tí áyódíìnì bá ti ṣọ̀wọ́n, gẹ̀gẹ̀ a máa pọ̀. Èyí ni ó mú kí Nàìjíríà gbé ètò fífi áyódíìnì sí iyọ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1993. Síbẹ̀, iyọ̀ kò lè dí gbogbo ọ̀nà àìsàn táírọ́ìdì. Àìsàn tí Robert Graves, oníṣègùn ará Ireland, ṣàpèjúwe ní ọdún 1835 ń mú kí táírọ́ìdì ṣiṣẹ́ àṣejù. Èyí tí Hakaru Hashimoto, ará Japan, ṣàpèjúwe ní ọdún 1912 ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nínú méjèèjì, ọmọ-ogun ara tí ó yẹ kí ó máa bá kòkòrò àìsàn jà ni ó kọjú ìjà sí táírọ́ìdì.

TSH: ohùn ọ̀gá

TSH kì í ti inú táírọ́ìdì wá. Pítúítárì, ẹ̀yà ara kékeré bí ẹ̀wà tí ó wà lábẹ́ ọpọlọ, ni ó ń tú u jáde láti pàṣẹ fún táírọ́ìdì. A lè fi wọ́n wé ọ̀gá aránṣọ àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní ọjà Òjúwòyè. Bí ọmọṣẹ́ bá ń falẹ̀, ọ̀gá a gbóhùn sókè. Bí ọmọṣẹ́ bá ń rán ju aṣọ tí a fẹ́ lọ, ọ̀gá a panu mọ́. TSH ni ohùn ọ̀gá; T4 ni aṣọ tí ọmọṣẹ́ rán. Nítorí náà, TSH tí ó ga sábà ń sọ pé iṣẹ́ táírọ́ìdì kéré jù, èyí tí ó lọ sílẹ̀ sì sábà ń sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù.

Ibí yìí ni ó ti rọrùn láti ṣìnà. Ọ̀pọ̀ ìwé èsì ń fi lẹ́tà H sí ẹ̀gbẹ́ òǹkà tí ó ga, wọ́n a sì fi L sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó rí H ní ẹ̀gbẹ́ TSH lè rò pé táírọ́ìdì òun ń ṣiṣẹ́ àṣejù, kí ó sì lọ ra carbimazole, oògùn tí ń dín iṣẹ́ táírọ́ìdì kù, ní kẹ́mísìtì. Ọmọṣẹ́ tí ó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó tún so lọ́wọ́ yẹn.

Kíka òǹkà pọ̀ mọ́ra wọn

Òǹkà kan ṣoṣo kì í dá ẹjọ́. Bí TSH bá ga tí T4 sì kéré, táírọ́ìdì ti ń kùnà. Ó lè máa rẹ aláìsàn, òtútù lè máa mú un nígbà tí ooru ń mú ará Èkó yòókù, kí ìgbẹ́ sì máa le. Bí TSH bá lọ sílẹ̀ tí T4 tàbí T3 ga, àyà a máa já, ọwọ́ a máa gbọ̀n, ènìyàn a sì máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun. Bí TSH bá ga díẹ̀ tí T4 wà láàrin ààlà, dókítà sábà ń tún àyẹ̀wò náà ṣe kí ó tó pinnu.

Ẹ̀yà kẹrin gba àkíyèsí gidi: T4 kéré, ṣùgbọ́n TSH kò ga. Ọ̀gá gan-an ni ó lè máa ṣàìsàn níhìn-ín. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára rẹ̀ nígbà ìbímọ lè bọ́ sínú ipò yìí, nítorí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ lè ba pítúítárì jẹ́. Ẹni tí ó wo TSH nìkan yóò sọ pé kò sí nǹkan.

Ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò ń fi ààlà TSH fún àgbàlagbà sí nǹkan bí 0.4 sí 4.0 mIU/L, ṣùgbọ́n ààlà tí yàrá náà tẹ̀ sórí ìwé rẹ̀ ni kí a tẹ̀ lé. Ẹ̀yọ ìwọ̀n náà ṣe pàtàkì. Bí yàrá kan ní Yábàá bá kọ FT4, ìyẹn T4 tí kò so mọ́ èròjà mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, ní 1.2 ng/dL, tí òmíràn ní Sùúrùlérè sì kọ ọ́ ní 15.4 pmol/L, họ́mónù kò fò sókè. Iye kan náà ni méjèèjì.

Ohun tí ó lè yí èsì padà

Oyún a máa fa TSH wálẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí náà ààlà aboyún yàtọ̀. Biotin, tí ó wà nínú àwọn oògùn tí a ń lò fún irun àti èékánná, lè da àyẹ̀wò rú. Ó yẹ kí a sọ fún dókítà, kí a sì dá a dúró fún ọjọ́ méjì ó kéré tán kí a tó gba ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìwọ̀n oògùn levothyroxine rẹ̀ padà ní láti dúró fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó tún àyẹ̀wò ṣe, nítorí pé TSH kì í tètè bá ìyípadà mu.

Ọmọ tuntun

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ mìíràn wà tí a bí láìní táírọ́ìdì tí ó ń ṣiṣẹ́, tí kò sì sí àmì kan lára rẹ̀ ní ọjọ́ ìkómọjáde. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ rẹ̀ tó láti fi yẹ TSH wò. Bí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọpọlọ rẹ̀ lè dàgbà bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ohun tí ó bàjẹ́ lè má ṣeé tún ṣe mọ́.

Ìgúnlẹ̀

Àlàyé yìí ti fi hàn pé TSH àti T4 sábà ń lòdì sí ara wọn, pé ààlà àti ẹ̀yọ ìwọ̀n kò yà kúrò lára òǹkà, àti pé ipò aláìsàn wà lára èsì. Àìsàn ni ó ṣeé wò, ṣùgbọ́n a kì í fi lẹ́tà kan ṣoṣo lórí ìwé wò ó. Kí aláìsàn gbé ìwé èsì rẹ̀, ti tuntun àti ti àtijọ́, lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ó tó ra oògùn kankan.