Bí Ọ̀bẹ Ṣe Ní Irin Tirẹ̀

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá lọ ní kí wọ́n ṣe ọ̀bẹ ìgbẹ́ fún òun, ohun tí oníṣẹ́ máa kọ́kọ́ bi í ni irin tó fẹ́ àti ohun tó fẹ́ kí wọ́n fi ṣe èèkù. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ti yá púpọ̀ nínú àwọn irin tó máa dárúkọ. Irin béárìn ni 52100. D2 ni iléeṣẹ́ fi ń gé irin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ti ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ni 154CM kí Bob Loveless tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàárín àwọn aṣọ̀bẹ. Síprìn mọ́tò ni 5160, àwọn alágbẹ̀dẹ tiwa tó ń fi síprìn ọkọ̀ akẹ́rù rọ àdá kò sì dúró kí òyìnbó wá kọ́ àwọn.

Ohun àyálò kì í báni mu tán. Èyí tí kò ní dógùn-ún lè tètè kú lẹ́nu. Èyí tó le dáadáa lè máa ya. Chris Reeve, ọmọ South Africa tó kó lọ sí Idaho lọ́dún 1989, wà lára àwọn aṣọ̀bẹ tó sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ fún Dick Barber ní iléeṣẹ́ irin Crucible. Ní 2001, S30V jáde, irin tí wọ́n dìídì ṣe nítorí ọ̀bẹ.

Irin yíyọ́ tí a dà sínú mọ́ọ̀dù ńlá máa ń pẹ́ kó tó tutù, àwọn wóró líle inú rẹ̀ a sì ráyè tóbi. Ibi tí wóró ńlá bá bọ́ sí lẹ́nu ọ̀bẹ, ibẹ̀ ló ti sábà máa ń ya. Ti S30V yàtọ̀: Crucible da irin náà tín-ínrín, wọ́n fi afẹ́fẹ́ líle fọ́n ọn ká, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sì gan lójú ẹsẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú yìí ni wọ́n dì sínú agolo irin, tí wọ́n fi ooru àti agbára tẹ̀ títí ó fi di odidi. Ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ chromium, tó ń lé ìdógùn-ún. Ìdá 4 jẹ́ vanadium, tí wóró rẹ̀ le ju ọ̀pọ̀ òkúta ìpọ́nbẹ lọ. Ẹni tó bá ń pọ́n ọn á mọ̀ ọ́n lára.

Èèkù ṣì ń yá ohun ọlọ́hun ní tirẹ̀. Nítorí iná mànàmáná ni iléeṣẹ́ Westinghouse ṣe ṣe Micarta ní nǹkan bí 1910: aṣọ tàbí bébà tí wọ́n rẹ sínú résìn, tí wọ́n tò léra, tí wọ́n sì fi ooru tẹ̀ pọ̀. Igi a máa wú, ìwo a máa là. Micarta kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi. Kí wọ́n má kàn dán an jù, nítorí èyí tí wọ́n fi kánfáàsì ṣe, tí ara rẹ̀ ṣì rí háráhárá, kì í yọ̀ lọ́wọ́ tútù.

Fún ẹni tó ń kun ẹran létí òkun, S30V ni mo fara mọ́. Ẹni tó fẹ́ fi la igi ìdáná, kó gba 5160, kó máa fi epo pa á. Òkúta èyíkéyìí ló lè pọ́n ọn.