Ṣé o mọ̀? Wáì-fáì ọ̀fẹ́ létí bí ogiri

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí Google gbé wáì-fáì ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní àwọn gbàgede kan ní Èkó Àkéte ní oṣù Keje ọdún 2018, tí ọmọ Odò-Ọwá-Èkìtì tó bá sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ lè so fóònù mọ́ ọn láìsan kọ́bọ̀, ó ti lé ní ọdún méje tí Eric Butler, ará Amẹ́ríkà, ti fi han aráyé pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ? Firesheep ni ètò tí ó gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010: nígbà náà, ẹni tó bá ní in, tó sì ń lo wáì-fáì aláìníkọ́kọ́rọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ, yóò tẹ orúkọ rẹ, yóò sì wọ Facebook rẹ bí ẹni wọ yàrá ara rẹ̀, láìmọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ rárá. Ariwo tí Firesheep dá sílẹ̀ so èso rere. Nígbà tí ọdún 2013 fi parí, HTTPS, tí ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú lójú ọ̀nà, ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo oníFacebook. Síbẹ̀, olè lè fún wáì-fáì tirẹ̀ ní orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì tí o wọ̀ sí. Ní tèmi, dátà ara ẹni ni mo fara mọ́ fún owó fífiránṣẹ́. Kí o sì ní kí fóònù gbàgbé wáì-fáì ìgboro tí o ti lò, nítorí bó bá tún gbúròó orúkọ náà, fúnra rẹ̀ ni yóò so mọ́ ọn.