Kí Kọ̀ǹpútà Tẹ̀lé Onílù

Ní ìlú Ọ̀yọ́, bí àwọn Àyàn bá ń lu dùndún, ìyá ìlù ni olórí. Òun ni ó ń sọ̀rọ̀, òun ni ó ń darí. Gúdúgúdú, ìṣáájú àti kẹríkẹrì a sì máa tẹ̀lé e. Bí a bá wá fẹ́ fi dùrù oníná àti kọ̀ǹpútà kún irú ìlù bẹ́ẹ̀ tí a gbà sórí téèpù, ìbéèrè kan ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ bi ara wa: ta ni yóò ṣáájú, ta ni yóò sì tẹ̀lé? Èrò wa nínú àròkọ yìí ni pé kọ̀ǹpútà ni kí ó tẹ̀lé onílù. Bí a bá di èyí mú, wàhálà ẹ̀rọ yóò rọrùn láti wádìí.

MIDI ni orúkọ èdè tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọdún 1983 ni ó jáde, ọdún kan náà tí King Sunny Adé gbé àwo Synchro System jáde. MIDI kì í gbé ohùn rárá. Àṣẹ ni ó ń gbé: 'tẹ ibí yìí', 'gbé ọwọ́ kúrò'. A lè fi í wé àrokò: ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ni yóò túmọ̀ rẹ̀.

Bí a bá tẹ dùrù tí kọ̀ǹpútà kò gbọ́, nǹkan mẹ́ta ni kí á yẹ̀ wò. Ìkíní ni okùn: láti ihò OUT ti ẹ̀rọ kan ni ó gbọ́dọ̀ lọ sí ihò IN ti èkejì. Bí OUT bá kojú OUT, ẹnu méjì ni ó ń sọ̀rọ̀, kò sí etí tí ń gbọ́. Ìkejì ni ọ̀nà: ọ̀nà 16 ni ó wà nínú okùn kan, bí dùrù bá ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà 1, tí ẹnì kejì ń fetí sí ọ̀nà 2, wọn kò lè pàdé. Ìkẹta ni àpótí kékeré tí ó so dùrù mọ́ kọ̀ǹpútà: ǹjẹ́ kọ̀ǹpútà rí i? Ǹjẹ́ a sì ti yàn án? Bí ohùn kan bá ń dún tí kò dákẹ́, àṣẹ 'gbé ọwọ́ kúrò' ni ó sọnù lọ́nà.

Ìjà téèpù ni ó le jù. Mọ́tò ni ó ń fa téèpù, eré rẹ̀ kì í sì í dọ́gba bí aago inú kọ̀ǹpútà. Bí téèpù bá fi ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún falẹ̀, nígbà tí orin bá fi máa pé ìṣẹ́jú márùn-ún, dùrù yóò ti fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣáájú ìlù. Ta ni yóò jó irú rẹ̀?

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Kí onílù tó dé ni kí á ti gba ohùn àmì sórí ìlà ẹ̀gbẹ́ kan lára téèpù onílà mẹ́rin. Ohùn yìí ni kọ̀ǹpútà yóò máa gbọ́. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. FSK ń ka ìṣísẹ̀ orin tí kọ̀ǹpútà ti là sílẹ̀, onílù ni yóò sì fara mọ́ ọn. SMPTE ń sọ wákàtí, ìṣẹ́jú, àáyá àti ìdá àáyá nìkan. Onílù lè yára tàbí kí ó falẹ̀ bí ó ti wù ú, kí á sì wá máa sàmì sí ìlù rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà. Èyí ni ó yẹ dùndún.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá tẹ̀lé àmì, ẹ wò ó bóyá aago ara rẹ̀ ni ó ń tẹ̀lé dípò aago òde. Ẹ pa bọ́tìnnì tí ń dín ariwo téèpù kù lórí ìlà náà, nítorí ó máa ń ba àmì jẹ́. Ẹ fi òwú àti spírítì nu orí ẹ̀rọ. Kí àmì má rẹlẹ̀ jù, kí ó má sì lọ sókè jù: ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya.

Téèpù àtijọ́ ńkọ́, irú èyí tí ẹnìkan fi gba ìjálá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú Ògúndáre Fọ́yánmu? Ẹ má ṣe gba àmì kankan lé e lórí! Bí ó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni má lè pa á rẹ́, kí ẹ sì kọ́kọ́ dà á sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣọ́ eré ẹ̀rọ pẹ̀lú. Iná Amẹ́ríkà ń lù ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa jẹ́ 50. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tí mọ́tò rẹ̀ ń tẹ̀lé iná yóò falẹ̀ níbí: téèpù ìṣẹ́jú 60 yóò gba ìṣẹ́jú 72, ohùn oníjàálá yóò sì wúwo bí ti ẹni tí oorun ń kùn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbé ẹ̀rọ lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìwádìí, ẹ rántí pé dùrù ṣeé tún tẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà tí ohùn wọn wà nínú téèpù ni ó ti re ibi àgbà ń rè. A kò lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá tún un kì.