Ìtúmọ̀ Ìwé Ìbéèrè tí a Fi ń Wọn Ìwà Ìfínràn

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ti ń wá ọ̀nà láti fi nọ́ńbà wọn ohun tí ojú kò lè rí. Ọ̀kan nínú àwọn ohun bẹ́ẹ̀ ni ìwà ìfínràn, èyíinì ni ìṣesí ẹni tí ó máa ń fẹ́ ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ ní ibi, ìbáà ṣe pẹ̀lú ọwọ́, ìbáà ṣe pẹ̀lú ẹnu. Ní 1957, Arnold Buss àti Ann Durkee ṣe ìwé ìbéèrè kan fún iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Ní 1992, Buss àti Mark Perry ṣe òmíràn tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ú lọ. Gbólóhùn 29 ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pín sí ọ̀nà mẹ́rin: ìfínràn ọwọ́ ní 9, ìfínràn ẹnu ní 5, ìbínú ní 7, ìkùnsínú sì ní 8. Ẹni tí a bi yóò yan nọ́ńbà kan láti 1 dé 5, láti fi hàn bí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti bá ìwà òun mu tó.

Akẹ́kọ̀ọ́ 1,253 ni a fi dán ìwé náà wò. Láti ìgbà náà ni a ti ń yí i padà sí èdè púpọ̀, títí kan èdè Japan, Sípéènì àti Jámánì. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà mu lè ṣàìbá ará ibòmíràn mu. Ọ̀ràn ńlá sì ni èyí, nítorí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni a lè fi pe ọmọ ilé-ìwé kan ní oníjàgídíjàgan, tàbí kí a fi sọ pé ẹlẹ́wọ̀n kan kò tíì yẹ ní dídá sílẹ̀.

Ọ̀nà tí ó lókìkí jù fún irú ìtúmọ̀ yìí ni èyí tí Richard Brislin ṣàlàyé ní 1970. Ẹnì kan yóò túmọ̀ ìwé náà láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá; ẹlòmíràn, tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rárá, yóò tún dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. A ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì kejì wé ti àkọ́kọ́, láti mọ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fi orí gbígbóná ṣe àpèjúwe ẹni tí inú tètè ń bí, tí olùtúmọ̀ sì kọ ọ́ báyìí pé, "Orí mi tètè máa ń gbóná," Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì yóò ṣe rẹ́gí. Síbẹ̀ Yorùbá tí ó bá kà á lè rò pé ibà ni à ń bèèrè, kí ó sì dáhùn gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀ ti rí. Lọ́dọ̀ Yorùbá, inú ni ó ń bí ni. "Onínúfùfù" ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ tọ́, àṣà lè yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Nínú ìwé Buss àti Perry, ara àmì ìfínràn ẹnu ni kí ènìyàn máa sọ ọ́ jáde gbangba pé òun kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í já àgbà ní koro lójú. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré, ẹ̀kọ́ ilé lè ni a wọ̀n, kí ó má jẹ́ ìwà tútù. Ní ìdà kejì, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a lè fi gún ènìyàn lọ́kàn. Ta ni kò mọ orin tí àwọn orogún fi ń pa òwe mọ́ ara wọn? Ta ni kò mọ oró tí ó wà nínú pípòṣé síni, tàbí nínú yíyan ẹni lódì fún ọdún gbọọrọ? Bí ìwé ìbéèrè kò bá bèèrè nǹkan wọ̀nyí, oníjà gidi lè kọjá lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni jẹ́jẹ́.

Ti ìkùnsínú tún lágbára ju èyí lọ. Ẹni tí ó bá gbà pé àwọn kan ń sọ òun lẹ́yìn, nọ́ńbà ìkùnsínú rẹ̀ yóò ga. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọmọ Yorùbá ti ń gbọ́ pé ẹ̀hìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Àárọ̀ àti alẹ́ ni wọ́n sì ń ṣàdúrà kí ọ̀tá má yọ̀ wọ́n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbà pé òótọ́ ni, láìní ẹnikẹ́ni sínú.

Ọ̀fìn kan tún wà nínú gírámà. Bí a bá bi Yorùbá pé, "Ṣé ìwọ kì í bínú?" tí ó sì dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni," ohun tí ó wí ni pé òun kì í bínú. Ẹni tí ó fi etí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ lè kọ òdìkejì rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ó sàn kí gbólóhùn tí a ó kà sí ènìyàn létí má ní "kò" tàbí "kì í" nínú.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí olùtúmọ̀ méjì ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó jókòó pọ̀ láti fi iṣẹ́ wọn wé ara wọn. Kí a ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí àwọn ènìyàn díẹ̀, lọ́mọdé lágbà, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Kí a wá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí a sì ṣírò bóyá àwọn gbólóhùn náà ṣì ń kó ara wọn jọ sí ọ̀nà mẹ́rin bí ti àkọ́kọ́. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò tọ́ kí a fi nọ́ńbà Yorùbá wé nọ́ńbà Amẹ́ríkà. Ìlànà tí International Test Commission tún gbé jáde ní 2017 béèrè irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá nìkan kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ìbínú, ìrunú, ìkùnsínú àti odì ni yóò mọ ohun tí ó yẹ kí a bèèrè, ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ èdè Yorùbá ni irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sì wà.