"Ó ń dùn mí jù": ju kí ni lọ?

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, màmá mi pè mí láti Ìpotì-Èkìtì. Alẹ́ ti lẹ́, mo wà nínú dánfó l'Ékòó, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti há wa mọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ yìí ń dùn mí jù."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ ra paracetamol, kí ẹ sì sinmi dáadáa." Wọ́n ní ó dáa. Mo ti fóònù bọ àpò.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, aládùúgbò wa kan ló pè. Ẹsẹ̀ ti wú, ara màmá ń gbóná janjan, wọ́n ti gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ara wọn ti yá báyìí, mo dúpẹ́. Àmọ́ nígbà tí mo délé, tí mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn wò mí. Wọ́n ní, "Mo sọ fún ẹ. Mo ní ó ń dùn mí jù."

Òótọ́ ni. Wọ́n sọ ọ́. Èmi ni n ò gbọ́.

Mo ti rò ó títí, mo sì mọ ohun tó fà á. Ẹ wo bí àwa ará ìgboro ṣe ń sọ̀rọ̀: "Jọ̀lọ́ọ̀fù yẹn dùn jù." "Orin yẹn dùn jù." "Ó rẹ̀ mí jù." "Aṣọ ẹ fine jù." Kò sẹ́ni tó ń ráhùn nínú wa. Ohun tá a ní lọ́kàn ò ju "gan-an" lọ. A ti lo "jù" títí ó fi gbó, bí owó bébà tó ti kọjá lọ́wọ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn. Lẹ́nu màmá mi, "jù" ò tíì gbó. Tí nǹkan bá ń dùn wọ́n, tí wọ́n sì lè fara dà á, "gan-an" ni wọ́n máa ń lò. Tí wọ́n bá ti wá pe "jù", ó ti kọjá agbára wọn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ kékeré yìí wò.

"Jù" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí nǹkan kọjá nǹkan mìíràn. Tá a bá ní "Adé ga ju Olú lọ," gbogbo nǹkan ló ṣe kedere: Olú ni òṣùwọ̀n, Adé sì ti kọjá rẹ̀. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tá a bá gé òṣùwọ̀n yẹn kúrò, tá a wá ní "Adé ga jù." Ìtumọ̀ mẹ́ta ló lè ní. Èkíní, nínú gbogbo wọn, Adé ló ga jù. Èkejì, Adé ga kọjá bó ṣe yẹ: bẹ́ẹ̀dì ò gbà á, orí rẹ̀ ń kan àtẹ́rígbà. Ẹ̀kẹta, èyí tó jẹ́ ti ìgboro: Adé ga gan-an, ó parí. Gbólóhùn kan náà ni. Ẹni tó ń gbọ́ ló máa mú èyí tó bá wù ú. Èmi mú ẹ̀kẹta nínú dánfó, èkejì sì ni màmá ń sọ.

Àwọn ìyá ọlọ́jà ti mọ ọgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní "Ìyá, ó ti wọ́n jù," wọn ò ní bá yín jiyàn. Ìbéèrè kan ni wọ́n máa bi yín: "Èló lẹ fẹ́ san?" Ìyẹn ni pé, iye wo lẹ rò pé èyí kọjá? Wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ fi òṣùwọ̀n sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè ṣeé dá lóhùn.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ èdè Lárúbáwá táwọn ará Íjíbítì ń sọ nígboro sọ fún mi pé òun wá ọ̀rọ̀ kan tó dúró fún "pọ̀ jù" títí, òun ò rí i. Wọ́n ní "kitir", tó túmọ̀ sí púpọ̀. Wọ́n ní "awi", tí wọ́n ń lò bá a ṣe ń lo gan-an, tó sì wá láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí alágbára. Ní Lẹ́bánónì àti Síríà, "ktir" ni. Ní Mòrókò, "bezzaf" ni. Tẹ́ ẹ bá mu tíì ní Káírò, tẹ́ ẹ ní ṣúgà inú rẹ̀ "kitir", ó lè jẹ́ pé ó pọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó ti pọ̀ jù. Ojú yín àti ohùn yín ló máa sọ èyí tẹ́ ẹ ní lọ́kàn.

Tí ará Káírò bá wá fẹ́ kí ó dá yín lójú, ó máa ní "zyada 'an el-lozum": ohun tó lé ju èyí tó yẹ lọ. Ẹ tún un kà. Ṣé kì í ṣe ohun táwa náà ń sọ nìyẹn, "ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ"? A yá wàhálà, àlàáfíà àti sùúrù látinú èdè Lárúbáwá, àmọ́ a ò yá èyí. Kálukú ló dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀: tí ọ̀rọ̀ bá le, ẹ dá òṣùwọ̀n padà sínú gbólóhùn.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú màmá mọ èyí dáadáa. Ó bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ò ti lo oògùn yìí jù, mà?" Màmá ní rárá o. Nọ́ọ̀sì ò dúró síbẹ̀. "Hóró mélòó lẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan?" Mẹ́ta. "Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́?" Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Hóró 12 nìyẹn. Paracetamol tó jẹ́ míligíráàmù 500, àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ lò ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ lò tó bẹ́ẹ̀, torí pé àpọ̀jù rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Màmá ò purọ́ o. Lójú tiwọn, "jù" ni kéèyàn da ẹ̀kúnwọ́ oògùn sẹ́nu. Ohun kan náà tó ṣẹlẹ̀ sí mi nínú dánfó ló ṣẹlẹ̀ sí wọn: òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé lọ́kàn yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì.

Kí la máa wá ṣe? N ò ní kẹ́ ẹ má sọ pé jọ̀lọ́ọ̀fù dùn jù mọ́. Èmi náà á sì sọ ọ́ lọ́la. Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kan ara, oògùn tàbí owó, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan sọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó borí gbogbo rẹ̀ ni, ẹ ní "jù lọ". Tó bá kàn pọ̀ lásán, "gan-an" wà, "gidigidi" wà, rẹpẹtẹ wà. A tún ní àwọn ọ̀rọ̀ aláràǹbarà wa: ó ga fíofío, ó pupa fòò, ó kún fọ́fọ́. Tó bá ti wá kọjá ààlà, ẹ fi "ti" kún un, "ó ti pọ̀ jù", tàbí kẹ́ ẹ pè é ní àpọ̀jù. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ àpọ̀jù tàbí àṣejù tó máa rò pé ẹ̀ ń yin nǹkan.

Tí àgbà bá sì pè yín láti ilé, tí wọ́n ní "jù", ẹ má sọ "ẹ pẹ̀lẹ́" kẹ́ ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n: Ṣé ẹ rí oorun sùn? Ṣé ẹ lè rìn dé ẹ̀yìnkùlé? Ṣé ó ju ti àná lọ?

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, màmá tún pè. Wọ́n ní ọyẹ́ ti dé sí Ìpotì, òtútù ń mú. Mo yára béèrè pé, "Ṣé ó mú jù ni, mà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Rárá. Ó mú gan-an ni. Tó bá mú jù, màá sọ fún ẹ."